Àmì Tó Wà Láàárín Opó àti Òpó

Egan, nítòsí Ìgàndò.
Àárọ̀ Sátidé.

Dúróoríkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí àyà rẹ tó já pé kí ló dé tí Màmá fi kọ lẹ́tà, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀. Mo kọ ọ́ nítorí pé ìpè orí fóònù kò ṣeé gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ á sì ti lọ. Èyí, owó bébà nìkan ni mo san. Ìyá Tolú aládùúgbò wa, tó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Kàlàbá níbẹ̀ yẹn, ni yóò bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. O lè kà á títí yóò fi gbó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí o pè mí, o sọ̀rọ̀ púpọ̀. O ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ẹ́fíìkì ni gbogbo ilé ń sọ, ìwọ á kàn jókòó bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. O ní o ti rí àwọn kan tó ń kọ́ Táíjì ní pápá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ìjà àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà lo ní olùkọ́ wọn kò kọ́ yín ní nǹkan kan, ó kàn ń ní kí ẹ máa dúró bí igi láràárọ̀, ìwọ sì ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohùn rẹ wá yí padà. O ní, "Màmá, ṣé kí n máa bọ̀ nílé ni?"

Mo ti la ẹnu kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ọ lọ. O pè padà. Mo rí fóònù tó ń tàn lórí tábìlì, n kò gbé e. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi ni "Máa bọ̀", mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé fóònù yẹn, yóò jáde. Mo jáde síta, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí mo máa ń dúró sí. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn mi, ṣùgbọ́n ó di dandan kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn Bàbá Ṣáínà fún ọ dáadáa. Ìdajì rẹ̀ lo mọ̀.

Kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe sílípáàsì lọ́nà Ìkòtún. Èmi ni mò ń ka sílípáàsì sínú páálí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò rẹ́ mi jẹ. Ní Ìyànà Ìpájà tí mo ti ń wọkọ̀, àwọn ọmọ ìta kan wà tí wọ́n máa ń fi èjìká gbá obìnrin. Bó bá ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n á já àpò rẹ̀ gbà. Wọ́n ṣe tèmi náà, mo sì ṣubú gbalaja lójú gbogbo èrò. Ìṣubú yẹn dùn mí ju àpò lọ. Mo pinnu pé màá kọ́ ìjà.

Bàbá arúgbó ará Ṣáínà kan wà ní ilé iṣẹ́ wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá tó, òun á lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn sítóò. Orókún rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kò ní mira. Àwa tí a ń wò ó, ohun kan ṣoṣo la rò. Ìwọ náà mọ ìyà "gun máṣíìnì", ìdúró bí ẹni tó wà lórí alùpùpù, tí tíṣà fi ń jẹ ọmọ tó bá pẹ́ dé ilé ìwé.

"Wọ́n tún ti ń fìyà jẹ Bàbá Ṣáínà," ni Ràfíátù wí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun la jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí páálí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Kí ló tún ṣe fún wọn báyìí?"

"Bóyá ó ba ẹ̀rọ jẹ́ ni," mo dá a lóhùn.

"Àgbàlagbà bí irú èyí! Àní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀ jàre, epo inú máṣíìnì rẹ̀ ti tán."

Dúróoríkẹ́, eré kọ́ o. Ràfíátù lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì í. Bó ti wù kó ṣẹ̀ tó, ẹ wo ewú orí rẹ̀." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ìyà kẹ̀? Kọ́ńfú ni bàbá yẹn ń ṣe! Ta ló lè fìyà jẹ ẹ́?"

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a, mo ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ kó lè mọ ohun tí mò ń wá. Kò wo ọwọ́ mi rárá. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ó dáa", "kò dáa" àti "dúró" lọ, torí "dúró" ló máa ń pariwo bó bá fẹ́ kí a pa ẹ̀rọ. Ó nawọ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ igi, ó ní, "Dúró."

Mo sì dúró dè é. Mo wá páálí kan, mo jókòó lé e, mò ń retí kó parí tirẹ̀ kó wá kọ́ mi. Aago lù, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, "Dúró." Mo tún jókòó. Nígbà tó yá, mo ń mú ẹ̀pà dání. Á wò mí, á mi orí: "Kò dáa. Dúró." Èmi náà á ní, "Bàbá, mo ṣáà ń dúró!" Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí inú fi bí mi. Mo sọ fún Ràfíátù pé ahun ni bàbá yìí, kò fẹ́ kọ́ mi.

"Ó ní kí o ṣe kí ni?"

"Ó ní kí n dúró."

"O wá ṣe kí ni?"

"Mo jókòó, mò ń dúró."

Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí lu páálí. "Ìwọ obìnrin yìí! Ta ní í jókòó dúró? Ìdúró ẹsẹ̀ ló ń wí, kì í ṣe dúró dè mí. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún gan-an nìyẹn! O ti ń jẹ ẹ̀pà nínú kíláàsì láti ọjọ́ yìí."

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn. O ní olùkọ́ yín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lò ń jẹ ẹ̀pà.

Èkejì, má fi agbára dúró. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ìdúró lẹ̀kọ́, mo fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ orókún wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo le èjìká, mo di ẹ̀mí mú, mo sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí Bàbá Ṣáínà ṣe tún mi tò ni mo ń kọ fún ọ yìí, torí o máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra tó ìbú èjìká rẹ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú. Jẹ́ kí orókún rọ̀, kó má kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Jẹ́ kí ìdí rẹ wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, tó wá rántí pé àpótí kò sí níbẹ̀. Jẹ́ kí àwùjẹ̀ rẹ lọ sókè bí ẹni pé òwú kan ń fà á. Ṣe bí ẹni gbá àmù omi kan mọ́ra, àmù ńlá, ṣùgbọ́n má fún un, kó má baà fọ́. Ṣe bí ẹni tó fi ẹyin kọ̀ọ̀kan sí abíyá. Fi ahọ́n kan àjà ẹnu. Jẹ́ kí imú mí, kí ìsàlẹ̀ ikùn sì gbà á. Ẹsẹ̀ á gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n. Bí orókún bá ń dùn ọ́ gan-an, gbéra sókè díẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì lára ẹ̀kọ́ ni, ìrora orókún kì í ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ìyàtọ̀ jù mí lọ.

Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka èyí tó kàn.

Oníṣirò ni mí. Bí mo bá dúró, mo ń kà. Mo ka máńgòrò orí igi. Mo ka búlọ́ọ̀kù ara fẹ́ǹsì. Mo ka ohun tí mo ti ná àti ohun tó kù. Bàbá Ṣáínà rí i, torí ètè mi ń mì. Ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀, ó mi orí: "Kò dáa." Mo dá ètè dúró, mo ń kà nínú ikùn. Ó mọ ìyẹn náà, n kò mọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan wá dé tí mo ti ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán, tí n kò rí ohun kà mọ́. Omi kàn ń bọ́ lójú mi. Mo rí i kedere pé n kò ní ẹnì kankan ní Èkó yìí. Àwọn èèyàn mi wà ní Ọ̀yọ́, mo sì ń sùn nínú yàrá tí n kò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Kíkà tí mò ń kà, ohun tí mo fi bo èyí mọ́lẹ̀ ni.

N kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún ọ pé ìdúró lé e lọ. Kò lé e lọ. Ó kàn jẹ́ kí n lè wà pẹ̀lú rẹ̀ láìsáré. Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí o ní olùkọ́ yín ń fi àkókò yín ṣòfò, tí ọ̀rọ̀ ilé wá tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ, mo mọ̀ pé kì í ṣe orókún ló ń dùn ọ́. Ibi tí omi ti bọ́ lójú mi yẹn lo dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yà lọ wá olùkọ́ tó máa jẹ́ kí wọ́n tètè ju ẹ̀ṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Bàbá Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ tì mí láyà. Bí mo bá fi àyà kọ̀ ọ́, mo ṣubú. Ó lọ sídìí òpó tó gbé òrùlé sítóò ró, ó gbá a pẹ́pẹ́, ó nawọ́ sí mi. Ó tún gbá a, ó tún nawọ́ sí mi.

"Òpó ló ní kí o dà," ni Ràfíátù wí láti orí páálí tó jókòó lé. "Èyí tó ní ẹnu tó ń jẹ ẹ̀pà."

Mo gbìyànjú títí mo fi mọ ọ̀nà tí títì náà ń gbà. Á gba àyà wọlé, á gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, á gba ìgbáròkó, orókún, àtẹ́lẹsẹ̀, á wọ ilẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín: "Ó dáa!" Ìgbà yẹn ló wá fi ọwọ́ hàn mí, èyí tó ń yípo, èyí tó ń rọra tì, èyí tó ń rọra gbà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdúró tó ń rìn lọ. Ẹni tó bá kọ́ ọwọ́ láìkọ́ ìdúró, òrùlé ló ń kàn sí ilé tí kò ní òpó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí o má fi olùkọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró, tí kò bẹ̀rù pé wọ́n á sá lọ mọ́ òun lọ́wọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe.

O sì ti fẹ́ mọ̀ bóyá mo jà rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni, n kò sì gbé ọwọ́. Nísàlẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìta yẹn sáré wá fi èjìká gbá mi. Mo ń ronú nípa ohun tí màá sè. Kí n tó mọ̀, òun ló jókòó sílẹ̀, ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀. "Hàà! Àǹtí, ṣé òpó iná ni yín ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn ìdí rẹ̀, ó lọ. Gbogbo ìjà mi láyé nìyẹn.

Bàbá Ṣáínà padà sí ìlú rẹ̀ kí n tó bí ọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé àpótí dé ìdí ọkọ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Dúró." Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ìdúró ló ń wí tàbí ó ní kí n dúró de òun. Kò padà wá.

Ohun kan kù tí n kò sọ fún ọ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, nígbà tí a kọ́kọ́ padà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fà wá lọ sí ìjókòó kan tí wọ́n lẹ bébà mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. O ta mí ní ìgúnpá, o ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo èèyàn ń wò wá." Ìyá kan tilẹ̀ wá gbá mi mọ́ra, ó rò pé ìbànújẹ́ ti dé orí mi. Ohun tí mo rí nìyí. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ bébà náà, wọn kò sì fi àmì kankan sí i: IJOKOO AWON OPO. Wọ́n fẹ́ kọ ìjókòó àwọn opó, àwa tí ọkọ wa ti kú. Àmọ́ ojú mi kà á ní òpó. Ìjókòó àwọn òpó! Mo wo àwọn ìyá tó jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ràfíátù lọ́kàn mi: "Òpó jókòó kẹ̀?" Ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ mi láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Àmì kékeré kan péré ló wà láàárín opó àti òpó. Ikú ló sọ mí di ọ̀kan, kò bi mí léèrè. Èkejì, èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa fi àmì rẹ̀ sí i fúnra mi, láràárọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi. Àárọ̀ mìíràn wà tí n kì í rí àmì náà fi sí i. Màá dúró títí, opó náà ni màá ṣì jẹ́. Màá wọlé lọ gbé omi kaná.

N kò ní fi bò fún ọ. Ilé yìí tóbi jù. Agolo ìrẹsì kan ni mo ṣì ń wọ̀n, n kò tíì mọ bí a ṣe ń se ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ràn kí oúnjẹ ṣòfò, ni mo fi ń jẹ ìrẹsì àná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí a jọ máa ń dúró sí, ọwọ́ òsì ni mo ṣì ń dúró sí, torí ọwọ́ ọ̀tún ni tìrẹ. Ìyá Tolú bi mí pé, "Ìyá Dúró, ta lẹ fi àyè sílẹ̀ fún?" Mo ní atẹ́gùn ni.

Nítorí náà, bí mo bá gbé fóònù yẹn ní Ọjọ́rú, tí mo ní kí o máa bọ̀, kì í ṣe nítorí tìrẹ. Mo fẹ́ ẹni tí màá fara tì ni. Òpó kì í wá ẹni tí yóò fara tì. Bí mo bá pè ọ́ padà nítorí pé ilé dá páropáro, mo ti sọ ọmọ mi di ọ̀pá ìtilẹ̀, o kò sì ní mọ̀, torí o fẹ́ràn mi. Wàá ní iṣẹ́ yẹn kò bá ọ lára mu.

Bó bá jẹ́ pé ara rẹ kò yá, tàbí ẹnì kan ń dà ọ́ láàmú níbẹ̀, má dúró rárá o, wọkọ̀, ilẹ̀kùn kò ní tì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdánìkanwà nìkan, jáde lọ sí pápá yẹn lọ́la. Kọ́kọ́ kí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, kí o bi í bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀" ní Ẹ́fíìkì. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, gbá àmù rẹ mọ́ra. Ní àkókò yẹn, èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Kí a tó bí ọ, ọmọ méjì ti wá, wọn kò dúró. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, àwọn àgbà ní kí n sọ orúkọ sí ọ létí. Ìbẹ̀rù ni mo fi sọ ọ́. Dúró, kí o rí ìkẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé kí o má fi mí sílẹ̀.

O bi mí bóyá kí o máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tún ní fún ọ, n kò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò bẹ̀ ọ́, ń ṣe ni mò ń kọ́ ọ:

Dúró.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó wà lọ́wọ́ òsì.